Ìfiwéra àwọn íápíìsì fún ẹni tí etí rẹ̀ máa ń yún: èwo ni awọ etí yóò gbà, èwo ni yóò kọ̀?

Ẹni tí ó fẹ́ ra íápíìsì sábà máa ń béèrè bí ohùn rẹ̀ ṣe dùn tó, bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó, àti iye tí wọ́n ń tà á. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù fún awọ etí kò sí nínú wọn, kì í sì í sí lára páálí ọjà náà: níbo gan-an ni nǹkan yìí yóò jókòó sí lára etí, kí ni wọ́n fi ṣe apá tí yóò máa kan awọ, ṣé a sì lè bọ́ apá náà kúrò kí a fi omi fọ̀ ọ́? Ní tèmi, ẹni tí etí rẹ̀ máa ń yún, tí awọ ibẹ̀ máa ń bó, tàbí tí irorẹ́ máa ń sú yí etí rẹ̀ ká, gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn sí èyí kí ó tó gbọ́ ohùn kankan láti inú ẹ̀rọ náà, nítorí pé ohùn tí ó dùn jù lọ kò wúlò nínú etí tí kò lè gba ohun tí ó gbé e wá.

Ohun tí ihò etí ń ṣe fúnra rẹ̀

Ihò etí àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 láti ẹnu rẹ̀ títí dé ibi ìlù etí. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, èyí tí ó sún mọ́ ìta, ni awọ rẹ̀ nípọn, tí irun wẹ́wẹ́ wà, tí àwọn orísun kéékèèké tí ń mú epo jáde sì wà pẹ̀lú. Ìdá méjì tí ó kù nínú lọ́hùn-ún kò ní irun, kò ní orísun epo, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ gan-an lórí egungun, tí ó fi jẹ́ pé ohun kékeré lè ha á lára. Epo etí tí apá ìta ń mú jáde máa ń kan díẹ̀, kì í jẹ́ kí omi rọ awọ, ó sì máa ń dí bakitéríà àti èbu lọ́wọ́. Awọ inú ihò náà tún máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti orí ìlù etí bọ̀ wá sí ìta, tí ó ń gbé epo àti èérí bọ̀, jíjẹun àti ọ̀rọ̀ sísọ sì ń ràn án lọ́wọ́, nítorí pé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ń lọ tí ń bọ̀ máa ń mi apá ìta ihò náà. Etí tí ara rẹ̀ dá, bí a bá fi í sílẹ̀, ń fọ ara rẹ̀.

Íápíìsì máa ń da ètò yìí rú. Ó ń dí ojú ọ̀nà tí epo ń gbà jáde, nígbà mìíràn ó sì ń ti apá kan rẹ̀ padà sínú. Ó ń há ooru àti ọ̀rinrin mọ́ inú ihò. Ó sì ń ha awọ ojú kan náà lójoojúmọ́. Kò sí oríṣi tí a ó fi wéra níhìn-ín tí kò ní ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀sùn wọ̀nyí lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn wọn kò dọ́gba, ibẹ̀ sì ni yíyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nǹkan tí ń ha etí kì í kúkú ṣe tuntun. Ní ọdún 1891 tí Ernest Mercadier, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, gba ìwé àṣẹ fún tẹlifóònù kékeré tí a ń kì bọ etí, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé náà pé kí a fi rọ́bà bo ẹnu rẹ̀ kí ó má baà máa ha ẹnu ihò etí.

Ibi tí ó jókòó sí

Oríṣi mẹ́rin ni ó gbòde jù lọ, yàtọ̀ sí àwọn tí kì í wọ ihò etí tí kì í sì í bò ó, tí a ó dé ọ̀dọ̀ wọn láìpẹ́. Èyí tí a ń kì bọ ihò etí, tí rọ́bà rírọ̀ tàbí fóòmù wà ní ẹnu rẹ̀, ni ó ń dí etí pa jù. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ariwo ìta kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé, nítorí náà ẹni tí ó ń lò ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké láìgbé ohùn sókè. Àléébù rẹ̀ ni pé ooru àti òógùn kò rí ibi jáde, epo etí náà kò sì rí ọ̀nà. Èyí tí wọ́n fi ike líle ṣe, tí kò ní rọ́bà, tí ó ń jókòó sí kòtò ẹnu ihò etí láìwọ inú rẹ̀ lọ, ń jẹ́ kí atẹ́gùn díẹ̀ máa wọlé, kì í sì í ti epo sínú. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń ṣe é sí fún gbogbo ayé, etí gbogbo ayé kò sì tó bákan náà. Ẹni tí kòtò etí rẹ̀ kéré yóò máa ní ìrora lára eegun rírọ̀ tí ó yí ibẹ̀ ká, ike náà yóò sì máa ha á títí awọ yóò fi bó. Èyí tí ó burú jù lójú mi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí apá kan tí a lè bọ́ fọ̀. Nínù nìkan ni a lè nù ún, èérí tí ó bá sì wọ àlàfo ara rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò fi ṣe ilé.

Hẹ́dìfóònù tí ń jókòó lé orí etí, èyí tí tìmùtìmù rẹ̀ kéré ju etí lọ, ni n kò lè gba ẹnikẹ́ni tí etí ń yọ lẹ́nu nímọ̀ràn láti rà. Ó ń tẹ etí mọ́ egungun orí, ó ń ti yẹtí àti apá awò ojú wọ awọ, ooru rẹ̀ kò sì kéré. Èyí tí ó bo gbogbo etí, tí tìmùtìmù rẹ̀ yí etí ká, kì í fọwọ́ kan inú ihò etí rárá. Wàhálà tirẹ̀ kó lọ sí awọ ìta: ẹ̀yìn etí, ìdí irun, àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí òógùn, epo ara àti títẹ̀ ti ń parapọ̀ dí ojú awọ, tí irorẹ́ fi ń sú.

Nítorí náà ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ̀dùn wà kí a tó pààrọ̀ oríṣi. Ẹni tí inú ihò etí rẹ̀ ń yún, tí ó sì ń lo èyí tí a ń kì bọ ihò, yóò rí ìtura bí ó bá bọ́ sí èyí tí ó bo gbogbo etí. Ẹni tí irorẹ́ ń sú sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lábẹ́ hẹ́dìfóònù ńlá yóò rí ìtura bí ó bá ṣe òdìkejì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra èyí tí ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ nínú oríṣi kan náà, wọ́n á sì máa retí pé owó ni yóò wo awọ sàn.

Sílíkóònù àti fóòmù

Fún ẹni tí kò fẹ́ fi oríṣi tí a ń kì bọ ihò sílẹ̀, ohun tí ó wà ní ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn, ó sì ṣe pàtàkì ju orúkọ tí ó wà lára ẹ̀rọ náà lọ.

Sílíkóònù, ìyẹn rọ́bà rírọ̀ tí a dárúkọ lókè, kò ní ihò tí omi lè gbà wọ inú rẹ̀, nítorí náà kì í mu òógùn, kì í mu epo, èérí tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn ò ní ju ojú rẹ̀ lọ. A lè bọ́ ọ, a lè fọ̀ ọ́, yóò gbẹ kíákíá, a ó sì tún dá a padà. Ara àwọn ènìyàn tí ó kọ sílíkóònù fúnra rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ìṣòro tí ó máa ń mú wá jẹ́ ti ìwọ̀n. Ìwọ̀n mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà nínú páálí, kékeré, àárín àti ńlá, ṣùgbọ́n ti àárín tí wọ́n ti fi sí ẹnu rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò títí ayé, àwọn yòókù á sì wà nínú ọ̀rá wọn. Èyí tí ó tóbi jù ń na awọ ẹnu ihò etí, ó sì ń dá egbò sí i. Èyí tí ó kéré jù kì í dúró, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ á sì máa tì í wọlé, á máa yí i, á máa tì í, tí yóò fi jẹ́ pé ọwọ́ ni ó ń ṣe etí náà léṣe ju rọ́bà lọ. Ó tún lè jẹ́ pé etí ọ̀tún gba ti àárín, kí ti òsì sì gba kékeré. Kò sí òfin tí ó ní kí méjèèjì bára dọ́gba.

Ẹ bọ́ rọ́bà sílíkóònù kan tí a ti lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìfọ̀, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta. Ní ìdí rẹ̀, níbi tí ó ti di ọrùn ike mú, ẹ ó rí epo rúsúrúsú tí ó ti dì yípo bí òrùka, irun tín-ín-rín kan tàbí méjì, àti eruku tí ó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá wo àwọ̀n kékeré tí ó wà lẹ́nu ike náà nínú ìmọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ lè rí i pé epo ti dí apá kan rẹ̀. Ìyẹn ni ó máa ń mú kí ohùn ẹ̀gbẹ́ kan lọ sílẹ̀ ju èkejì lọ, tí àwọn ènìyàn á máa sọ pé íápíìsì ti bàjẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ìfọ̀ ni kò rí.

Fóòmù ní tirẹ̀ rọ etí lọ́rùn. A ó fún un mọ́ra láàárín ìka, a ó kì í bọ etí, yóò sì wú padà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gba àwòrán ihò náà gan-an, láìtẹ ojú kan ju ojú kejì lọ. Ẹni tí etí rẹ̀ máa ń ro ó lẹ́yìn wákàtí kan pẹ̀lú sílíkóònù lè lo fóòmù fún ìgbà pípẹ́ kí ó má mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe rọ̀ náà ni ó ṣe ń mu nǹkan bíi kànìnkànìn: òógùn wọ inú rẹ̀, epo wọ inú rẹ̀, omi tí a bá fi fọ̀ ọ́ náà yóò wọ inú rẹ̀, kò sì ní tètè gbẹ, ọtí apakòkòrò sì lè mú kí ó gbó kíákíá. Ohun pípààrọ̀ ni, àwọn tí ń ṣe é gan-an sì máa ń sọ pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ fún un láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là: bí kò bá wú padà mọ́, tàbí tí ojú rẹ̀ ti ń dán, tí etí rẹ̀ sì ti ń ya, ọjọ́ rẹ̀ ti pé.

Irú epo tí etí ẹni ń mú jáde náà ní ipa tí ó ń kó. Jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní ABCC11 ni ó ń pinnu bóyá epo etí ènìyàn yóò jẹ́ èyí tí ó tutù tí ó sì ń lẹ̀, tàbí èyí tí ó gbẹ tí ó ń rún wẹ́wẹ́. Èyí tí ó gbẹ ni ó pọ̀ jù láàárín àwọn ará Ìlà-oòrùn Éṣíà. Èyí tí ó tutù ni ó pọ̀ jù ní Áfíríkà àti Yúróòpù. Ẹni tí epo rẹ̀ tutù kò yẹ kí ó retí pé kí fóòmù pẹ́ fún òun, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń fi íápíìsì ṣe eré ìdárayá.

Bí a bá wá ní kí n yan ọ̀kan, sílíkóònù ni n ó yàn fún ìmọ́tótó, fóòmù sì wà fún ẹni tí etí rẹ̀ kò gba títẹ̀, bí ó bá ti pinnu pé òun yóò máa pààrọ̀ rẹ̀. Fóòmù tí a kò pààrọ̀ ni ó burú jù nínú gbogbo ohun tí mo dárúkọ nínú ìfiwéra yìí.

Tìmùtìmù awọ àti tìmùtìmù aṣọ

Ohun tí ó dà bí awọ lára ọ̀pọ̀ hẹ́dìfóònù kì í ṣe awọ ẹran, aṣọ tí wọ́n fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ni. Ó rọrùn láti nù, òógùn kì í wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn náà kì í gba ibẹ̀ kọjá, nítorí náà òógùn á dúró sórí awọ ara títí a ó fi bọ́ ọ. Bí ó bá ti gbó, ike orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bó wẹ́wẹ́, èépá dúdú náà á máa lẹ̀ mọ́ etí àti ọrùn; tìmùtìmù tí ó ti dé ipò yìí kò ṣeé fọ̀ mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Awọ ẹran gidi tutù sí ara jù ú lọ, ṣùgbọ́n kẹ́míkà kúrómíọ̀mù ni wọ́n sábà fi ń tọ́jú awọ ẹran kí ó má baà jẹrà, àwọn kan sì wà tí ara wọn kọ kúrómíọ̀mù.

Tìmùtìmù aṣọ ń mí. Kì í jẹ́ kí òógùn pọ̀ lórí awọ, ó sì dára fún ẹni tí irorẹ́ máa ń sú sí ìdí irun. Ohun tí ó bá mu, inú rẹ̀ ni yóò sì wà, èyí tí ó mú kí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ tún padà wá: ṣé ó ṣeé bọ́? Bí kò bá ṣeé bọ́, èyí tí ó dà bí awọ sàn jù ú lọ, nítorí pé ó kéré tán, a lè nù ún. Bí ó bá ṣeé bọ́, tí a sì lè fọ̀ ọ́ tàbí ra òmíràn fi rọ́pò rẹ̀, aṣọ ni kí ẹ mú. Ọ̀nà kẹta tún wà tí kò ná ni ní púpọ̀, ìyẹn ìbòrí aṣọ òwú tí a ń fà bọ orí tìmùtìmù tí a sì ń fọ̀ pẹ̀lú aṣọ yòókù.

Kí a tó dá ẹjọ́ tìmùtìmù, ó yẹ kí a wo ohun tí a ń fi sí irun. Òróró irun, ìpara ojú, àti lọ́fínńdà máa ń ṣàn wá sí ibi tí tìmùtìmù ń tẹ̀, á há síbẹ̀ pẹ̀lú ooru, awọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Mo rò pé hẹ́dìfóònù ti ru ẹ̀bi púpọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Èyí tí kì í dí ihò etí

Èyí tí ń gba inú egungun gbé ohùn máa ń jókòó síwájú etí, lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ kí ohùn lè gba inú egungun orí dé inú etí lọ́hùn-ún. Ihò etí wà ní ṣíṣí, epo ń rin ìrìn rẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé. Fún ẹni tí inú ihò etí rẹ̀ ní ẹ́kísíìmà, àìsàn awọ tí ń mú kí ara yún kí ó sì bó, tàbí tí àìsàn etí máa ń padà ṣe léraléra, n kò mọ èyí tí ó sàn jù ú lọ láàárín gbogbo wọn. Irú kejì rẹ̀, tí ń fi ìkọ́ rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí tí ó sì ń da ohùn sọ́nà ihò láìwọ inú rẹ̀, ń ṣe dáadáa bákan náà, bí ìkọ́ rẹ̀ kò bá le tí kò sì ha kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn etí.

Ohun tí a ń fi rọ́pò àǹfààní yìí ni ohùn. Ti inú egungun kò ní béèsì tó bẹ́ẹ̀, nínú ariwo sì ni a ti máa ń fẹ́ gbé ohùn àwọn méjèèjì sókè ju bí ó ti yẹ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú pé kí ó má kọjá dẹ́síbẹ̀lì 80 (òun ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe lọ sókè tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, kí ọmọdé má sì kọjá 75 fún iye wákàtí kan náà. Gbogbo ìgbà tí a bá fi dẹ́síbẹ̀lì 3 kún un, iye wákàtí náà á dín sí ìdajì. Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà níbi tí ẹ̀rọ ti ń kùn tàbí tí ó máa ń wọ ọkọ̀ elérò púpọ̀ yóò gba awọ etí là kí ó sì pa agbára ìgbọ́ràn lára, bí kò bá ṣọ́ra. Èyí tí ó bo gbogbo etí ni ó yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Awọ tí wọ́n ha àti awọ tí ó kọ nǹkan

Ìyàtọ̀ tí ó ṣòro jù láti rí lójú ni èyí, òun sì ni ó ń pinnu bóyá pípààrọ̀ íápíìsì yóò wúlò. Awọ tí wọ́n kàn ha, tàbí tí òógùn àti ọṣẹ tí a kò ṣàn dáadáa bà jẹ́, máa ń ta ni, ó máa ń gbẹ, ó lè pọ́n tàbí kí ó dúdú sí i, ṣùgbọ́n ojú ibi tí nǹkan náà fara kàn ni kì í sábà kọjá. Ó lè ṣe ẹnikẹ́ni, bí a bá sì sinmi íápíìsì fún ọjọ́ díẹ̀, á rọlẹ̀. Fún èyí, ìwọ̀n rọ́bà tí ó tọ́, ìfọ̀ dáadáa, àti bíbọ́ ọ lóòrèkóòrè tó.

Ti ẹni tí ara rẹ̀ kọ nǹkan yàtọ̀. Kì í sábà hàn lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí nǹkan náà kan ara kí yíyún tó dé, kí ìléròrò kéékèèké tó sú, ó sì lè tàn kọjá ibi tí íápíìsì dé, sí ọrùn tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tún lè bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tí ó ti ń lo irú nǹkan náà fún ọdún púpọ̀ láìsí wàhálà, èyí tí ó máa ń mú kí ènìyàn sọ pé kò lè jẹ́ íápíìsì. Lára ohun tí ara máa ń kọ̀ ni nikẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú àwọn irin kan, kẹ́míkà acrylate tí ó wà nínú gọ́ọ̀mù àti àwọn ike kan, àti àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú kí rọ́bà le nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Ẹni tí yẹtí olówó pọ́ọ́kú ti máa ń mú etí rẹ̀ yún rí ní ìdí láti fura sí nikẹ́ẹ̀lì kí ó tó ra èyí tí irin rẹ̀ kan awọ; Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàápàá ti ṣe òfin ní ọdún 1994 láti dín nikẹ́ẹ̀lì kù nínú ohun tí ó ń pẹ́ lára awọ.

Dókítà awọ ara ni ó lè mọ ohun náà dájú. Yóò lẹ àwọn nǹkan pélébé tí ó ní ohun tí a fura sí mọ́ ẹ̀yìn ẹni náà, wọn yóò wà níbẹ̀ fún wákàtí 48, yóò wò wọ́n nígbà tí ó bá ṣí wọn, yóò sì tún wò wọ́n lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ pààrọ̀ rọ́bà sí èyí tí a fi ohun mìíràn ṣe kò bá mú ìyàtọ̀ wá, àyẹ̀wò yìí dín owó kù ju kí ẹ máa ra èyí kí ẹ máa ra tọ̀hún.

Fífọ̀ àti nínù

Lára íápíìsì tí a ń kì bọ ihò etí, rọ́bà sílíkóònù nìkan ni ó ṣeé fi omi fọ̀ láìṣiyèméjì: ẹ bọ́ ọ kúrò, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ tí kò ní òórùn dídùn fọ̀ ọ́ bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é bá gba ọṣẹ, nítorí pé àwọn kan sọ pé omi nìkan ni kí a lò, ẹ ṣàn án títí yíyọ̀ rẹ̀ yóò fi tán, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà. Omi tí ó bá há sí ìdí rẹ̀, inú etí ni yóò lọ. Ike tí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi aṣọ tí ó tutù díẹ̀ nù, tàbí èyí tí a fi ọtí apakòkòrò ìdá 70 nínú 100 rin, ṣùgbọ́n kí ó má kan àwọ̀n ẹnu rẹ̀. Àwọ̀n náà fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú ẹnu íápíìsì ní dídojúdé, kí ohun tí ó bá kúrò lè já bọ́ sílẹ̀ dípò kí ó wọ inú lọ. Kò fẹ́ abẹ́rẹ́ tàbí pínnì. Ọtí yìí kan náà tí ó dára fún ike ni ó lè mú kí tìmùtìmù tí ó dà bí awọ gbẹ kí ó sì ya.

Àmì tí ó wà lára páálí, tí ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe lè fara da omi tó, máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. IPX4 túmọ̀ sí pé omi tí ó ta sí i láti ìhà gbogbo kò ní pa á lára, kò túmọ̀ sí pé a lè rì í. IPX7 ni ó lè fara da rírì sínú omi tí ó jìn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àmì kankan tí ó bo kéèsì tí a fi ń ṣáájì rẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé íápíìsì nìkan ni wọ́n dán wò. Kéèsì yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé: wọ́n á bọ́ íápíìsì tí òógùn ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n á dé e mọ́ inú òkùnkùn, èérí tí ó wà nínú kòtò kéèsì á sì padà sí etí lọ́jọ́ kejì.

Ní ti etí fúnra rẹ̀, aṣọ mímọ́ lórí ìka tó fún apá ìta. Ọ̀pá olówùú tí Leo Gerstenzang ṣe ní ọdún 1923 kò yẹ kí ó wọ ihò etí, páálí rẹ̀ gan-an sì máa ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí íápíìsì ń ṣe sí epo ni òun náà ń ṣe, ó ń tì í wọlé, ẹni tí ó bá sì ń fi ọ̀pá ro etí tí ó tún ń fi íápíìsì dí i ń ti epo kan náà lẹ́ẹ̀méjì. Bí epo bá ti le, ẹ̀kán òróró ólífì mélòó kan fún ọjọ́ díẹ̀ lè mú un rọ̀, àyàfi bí ìlù etí bá ti lu tàbí tí nǹkan bá ń jáde láti inú etí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tàbí lúwẹ̀ẹ́ kí ó jẹ́ kí etí gbẹ kí ó tó wọ ohunkóhun sí i. Íápíìsì ẹlòmíràn sì kì í ṣe ohun yíyá. Bí ó bá di dandan, kí olúkúlùkù ní rọ́bà tirẹ̀.

Ìgbà tí yíyàn kò kàn mọ́

Bí fífa etí tàbí títẹ ṣóńṣó kékeré tí ó wà níwájú ihò rẹ̀ bá dunni, bí ihò náà bá wú, bí ọyún tàbí omi bá ń jáde, tàbí tí ìgbọ́ràn bá ti kú díẹ̀, kò sí oríṣi íápíìsì tí ó dára fún un ní àkókò náà. Bakitéríà Pseudomonas aeruginosa àti Staphylococcus aureus ni wọ́n sábà máa ń wà nídìí irú àìsàn yìí, nígbà mìíràn èbu bíi Aspergillus, oògùn ti bakitéríà sì yàtọ̀ sí ti èbu, nítorí náà oògùn etí tí ó kù nínú ìgò láti ìjọ́sí lè mú kí ọ̀rọ̀ burú sí i. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, pàápàá bí ó bá ti dàgbà, kò gbọ́dọ̀ fi ìrora etí sùn mọ́jú, nítorí pé àìsàn náà lè ràn dé egungun ìdí agbárí lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ìwòsàn bá ti parí, fóòmù tí ó wà nínú etí nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ jù nù, ẹ fọ sílíkóònù tàbí kí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ẹ nu kéèsì, kí ẹ sì fi èyí tí kì í wọ ihò etí gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ títí dókítà yóò fi sọ pé awọ inú ibẹ̀ ti jinná.